Ẹjọ́ Tí Mo Sún Sí Ọjọ́ Tí Kò Sí

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù kò ju ká máa lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé lọ, kò tíì rí mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Adájọ́ ló ń dá ẹjọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé kò bá gbé fáìlì jáde, kí ni adájọ́ fẹ́ dá? Afẹ́fẹ́? Ẹ má bínú pé mo fi ìgbéraga bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló mú ọkọ wá bá mi, iṣẹ́ yìí náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ bó ṣe wù mí.

Ọkùnrin náà kò wá ṣẹjọ́. Pákó ló gbé wá. Yàrá tí a ń kó fáìlì sí ti kún dé òrùlé, pẹpẹ kan sì ti wó lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ni ọ̀gá wa bá ní kí wọ́n wá káfíńtà tó mọṣẹ́. Èmi ni yàrá náà wà ní ìkáwọ́ mi, wọ́n sì ní kí n dúró tì í.

Àwọn káfíńtà tó ti wá ṣáájú, ògiri ni wọ́n ń wọ̀n. Èyí dúró láàárín yàrá, ó wò yíká, ó ní, "Madaamu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fáìlì tó sanra jù lọ níbí."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Òun ló máa gbé ibẹ̀. A kì í ṣe ibùsùn fún èèyàn láìwo bó ṣe ga tó."

Mo gbé ẹjọ́ ogún kan lé e lọ́wọ́, èyí tí àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin ti ń fà láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé ìwé. Ó gbà á pẹ̀lẹ́ bí ẹni gba ọmọ tuntun, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ iye rẹ̀ sára pákó. Ọkàn mi sọ pé ẹni tó bá mọ̀ pé ìwé wúwo, orí rẹ̀ pé.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá kan ìṣó kan, á bi mí ní ìbéèrè méjì. Kí ló dé tí a fi ń so okùn pupa mọ́ àwọn kan? Báwo ni mo ṣe ń mọ ibi tí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan wà láìwo ìwé? Kò sẹ́ni tó bèèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí, àní nílé wa. Mo ń dáhùn, ojú mi ń tàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Ìwé ni káfíńtà náà ń pè mí.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, kò sì lọ.

"Ó ku ìṣó kan," ó wí.

"Níbo?"

"N kò tíì mọ̀. Màá padà wá wò ó lọ́la."

Odidi oṣù méjì ló fi ń padà wá wo ìṣó náà.

Àsìkò yẹn náà ni ẹgbẹ́ àwọn alákòóso kóòtù ṣí ẹ̀kọ́ tuntun sílẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìdánwò wà lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ àṣefihàn náà sì wà: kí oníkálukú wá ohun kan tó bàjẹ́ nínú kóòtù tirẹ̀, kó tún un ṣe. Ọ̀gá wa pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú kóòtù ni, bó bá wúkọ́, àwọn lọ́yà á tún kọ́là wọn ṣe.

"Mo ti kọ orúkọ rẹ sílẹ̀," ó wí. "Adájọ́ ń lọ ẹ̀kọ́, lọ́yà ń lọ ẹ̀kọ́. Àwa nìkan ni wọ́n rò pé a bí iṣẹ́ mọ́. 'Àwọn akọ̀wé wọ̀nyẹn' ni wọ́n ń pè wá. Lọ kàwé, kí o wá tún ilé yìí ṣe."

Ìyá mi ké nígbà tó gbọ́. "Ìwé kẹ̀? Ìwọ tó ti pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n? Ọkọ ni kí o jókòó tì!"

"Màmá, mo ti ń fẹ́ ọ̀kan."

"Èwo?"

"Káfíńtà ni."

Ìyá mi wo àga tó jókòó lé, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń mì láti ọdún mẹ́ta. "Ó dáa," ó wí. "Ó máa wúlò."

Bí a ṣe wà nìyẹn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, káfíńtà mi á dúró dè mí níwájú ilé ẹ̀kọ́, á gba ìwé lọ́wọ́ mi, á sì máa bi mí ní ìbéèrè bí a ṣe ń rìn lọ sílé. Bí ìdáhùn mi bá tọ̀nà, á pàtẹ́wọ́ fún mi lójú títì. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mo ń rìn díẹ̀díẹ̀ kí ọ̀nà má tètè tán.

Lóṣù kẹrin ló mú mi lọ rí bàbá rẹ̀. Káfíńtà ni bàbá náà, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ti kọ́ṣẹ́. A bá a níbi tó ti ń fi ayùn gé pákó, ó rẹ́rìn-ín, ó nu àga fún mi. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ọmọ mi, o káre. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Akọ̀wé kóòtù ni mí, sà."

Bàbá fi ayùn sílẹ̀. Mo wo ojú káfíńtà mi, mo rí i pé ó ń wo ilẹ̀. Ó ti mọ̀, kò sì sọ fún mi.

"Wò ó," ni bàbá wí, ó nawọ́ sí ìta. Ògiri gíga kan wà níbẹ̀, àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ju kí èèyàn kan fi ẹ̀gbẹ́ kọjá. "Ọ̀nà ọkọ̀ mi nìyẹn. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, aládùúgbò mi mọ ògiri dí i. N kò bá a jà. Kóòtù ni mo gbé e lọ bí ọmọlúàbí. Adájọ́ gbọ́ tẹnu mi, ó ní òun sún un sí ìparí oṣù kẹfà. Lọ́gbọ̀n ọjọ́ oṣù náà, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Wọ́n pe gbogbo ayé, wọn ò pè mí. Mo bèèrè, wọ́n ní orúkọ mi ò sí nínú ìwé. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, kò sí. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, àwọn á kọ̀wé sí mi. Mo ṣì ń retí ìwé náà."

Ó tẹ orí rẹ̀ síwájú, ó fi ibi tó pá láàárín hàn mí. "Orí yìí ni mo fi ń ru pákó wọlé láti ọdún mẹ́jọ. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé o, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Akọ̀wé kóòtù kò ní ṣe ìyàwó nílé mi."

A jáde. Ìkóríta ni mo ti dá káfíńtà mi dúró.

"Ó yẹ kí o ti sọ fún mi," mo wí.

"Mo rò pé bó bá rí ẹ, á gbàgbé."

"Orí tó pá kì í gbàgbé."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in.

Ọ̀gá wa ní kí n má sọ̀rètí nù, òun fúnra òun máa lọ ṣe alárinà. Ó wọ bàtà tó dáa, ó lọ. Wákàtí kan kò pé tó fi padà dé, ó jókòó síwájú mi bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi.

"Mo sọ gbogbo òwe tí mo mọ̀," ó wí. "Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, pé kò yẹ kó tìtorí kóòtù lé ọmọ olọ́mọ. Ṣé o mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? Ó gbé àga fún mi. Ó ní, 'Èmi ni mo ṣe àga yìí. Bó bá wó pẹ̀lú yín, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bá wí. Ẹjọ́ mi tó sọnù, ta ni kí n bá wí?'"

"Kí lẹ sọ?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Bàbá yẹn kì í ṣe olóríkunkun. Ìbéèrè rẹ̀ ni n kò rí èsì fún."

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá gba ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n ń pè mí ní alákòóso, kí ni mo wá ń ṣàkóso bí ẹjọ́ èèyàn bá lè rá tí ẹnì kankan kò sì mọ̀? Mo sọ fún àwọn olùkọ́ wa pé mo ti rí iṣẹ́ àṣefihàn mi. Mo fẹ́ mọ ibi tí ẹjọ́ ń rá sí.

Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí adájọ́ bá sún ẹjọ́, akọ̀wé tó wà níwájú rẹ̀ á kọ ọjọ́ náà sára fáìlì. Lẹ́yìn tí kóòtù bá tú, ẹlòmíràn á kọ ọ́ sínú ìwé ọjọ́, èyí tí ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Inú ìwé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń mú orúkọ àwọn tí wọ́n máa pè láàárọ̀. Mo kó gbogbo fáìlì tó ń dúró de ọjọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé kékeré kan ń ka ọjọ́ ara fáìlì sókè, èmi ń ṣí ìwé ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe é.

Ẹjọ́ mẹ́tàlélógójì la rí. A sún àwọn kan sí ọjọ́ Àìkú. A sún ọ̀kan sí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, lọ́dún tí oṣù náà kò ju ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Ẹni tó fẹ́ kọ wọ́n sínú ìwé ọjọ́ wá ojú ewé, kò rí i, ó ní òun máa bèèrè bó bá di ọ̀la. Ọ̀la kò dé. Fáìlì padà sórí pẹpẹ, ó sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn ni ẹjọ́ káfíńtà kan àti ògiri aládùúgbò rẹ̀. Mo fò sókè, mo pariwo, akọ̀wé kékeré náà rò pé ejò ni mo rí. Mo rí i! Ara fáìlì náà ló wà gbagada: ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹfà. Oṣù kẹfà wo ló ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n? Adájọ́ ní ìparí oṣù, òpè akọ̀wé kan sì kọ ohun tó wá sí i lọ́kàn. Mo ń rẹ́rìn-ín òpè náà lọ́wọ́ nígbà tí mo wo ìkọ̀wé rẹ̀ dáadáa.

Èmi ni. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìfọwọ́sí mi tó ń lọ́ bí ẹni pé ó fẹ́ jó. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo wọṣẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní nǹkan kan, wọ́n kàn fún mi ní bírò.

Káfíńtà mi dúró dè mí lórí bẹ́ńṣì ìta kóòtù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ ìdajì, ó dìde.

"O ti rí ẹjọ́ Bàbá? Háà! Ó ti parí! Bàbá máa gbé ẹ sọ́rùn jó ni!"

"Jókòó. Ó kù."

Mo sọ ìdajì yòókù. Ó jókòó ní tòótọ́.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti ìwọ."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Sọ fún un pé o rí i. Má sọ ẹni tó kọ ọ́. Ṣé irọ́ nìyẹn? O ò purọ́. O kàn dákẹ́ ni."

"Kó wá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí ohun tí mo fi ṣe é níkà?"

"Mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni!" Ohùn rẹ̀ ròkè, àwọn tó ń kọjá wò wá. "Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí, ìwọ náà tún fẹ́ mọ ògiri dí i?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo gbé báàgì mi, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kó yé yín, torí pé odidi ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni mo fi ń fọ aṣọ tó ti mọ́. Mo ní, ṣebí wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èwo ni kí n tún ru òtítọ́ lọ bá bàbá tó ti lé mi tẹ́lẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, àṣìṣe ni. Lẹ́yìn náà ni mo rántí àwọn mẹ́tàlélógójì. Nínú ìwé iṣẹ́ mi, mo ti kọ orúkọ ẹni tó ṣàṣìṣe síwájú ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Tèmi nìkan ni kí n wá fi sílẹ̀ lófìfo? Mo sá aṣọ tán, mo jókòó, mo kọ orúkọ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo gbé gbogbo rẹ̀ síwájú ọ̀gá wa. Ó kà á, ó wò mí. Ó mú ìwé ọjọ́, ó ṣí ojú ewé tó wà ní tòótọ́, ó kọ ẹjọ́ bàbá sí i. Mo mú ìwé ìpè, mo lọ sí ibi iṣẹ́ bàbá, èmi nìkan. Mo kúnlẹ̀ lórí ìyẹ̀fun pákó.

"Bàbá, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi pé ta ni kẹ́ ẹ bá wí. Èmi ni, sà. Èmi ni mo kọ ọjọ́ tí kò sí. Ẹ má bínú."

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Bàbá ń wò mí, bírò tó fi ń sàmì sí pákó ṣì wà lẹ́yìn etí rẹ̀.

"Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Kò sí, sà. Àfi ọmọ yín, àti ọ̀gá mi tí mo sọ fún láàárọ̀ yìí. Ọmọ yín ní kí n má sọ ọ́."

"Kí ló dé tí o fi sọ ọ́?"

"Iṣẹ́ mi ni, sà. Mo ń fi orúkọ mi sábẹ́ èyí tó dáa. Bí n kò bá lè fi í sábẹ́ èyí tí kò dáa, kí n yáa fiṣẹ́ sílẹ̀."

Ó gba ìwé ìpè lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Máa lọ," ó wí. Kò ní kí n dìde, kò ní kí n jókòó. Mo lọ.

Wọ́n pe ẹjọ́ náà lọ́jọ́ tí a kọ. Bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Adájọ́ lọ fojú rí ògiri, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n wó o láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bàbá kọjá níwájú tábìlì mi nígbà tó ń jáde, kò yà sọ́dọ̀ mi. Mo ní ó tán.

Káfíńtà mi wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá fáìlì bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọ́n máa jẹ́ kó wọlé.

"Mo ní kí o purọ́ nítorí mi," ó wí. "Ojú ń tì mí. Bàbá ò tíì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n èmi ti sọ fún un pé bí kò bá ṣe ìwọ, kò sí ẹlòmíràn. Màá dúró."

"Títí dìgbà wo?"

"O mọ̀ pé mo lè padà wá wo ìṣó fún ìgbà pípẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo ní kó jáde kí n ríṣẹ́ ṣe.

Mo yege ìdánwò. Kóòtù mẹ́ta mìíràn ti ń ṣe bí a ṣe ń ṣe báyìí: akọ̀wé kọ́kọ́ ń ṣí ojú ewé ìwé ọjọ́ kí adájọ́ tó dárúkọ ọjọ́ kankan. Nígbà tí ẹgbẹ́ pàdé, èmi ni wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ alákòóso kóòtù tó ṣe dáadáa jù lọ lọ́dún náà, wọ́n sì ní kí n sọ̀rọ̀ fún gbogbo ìpàdé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn adájọ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún akọ̀wé, ohun tí ojú mi ò rí rí. Ìyá mi nìkan ló jókòó níwájú, lórí àwọn àga tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹbí. Ẹ̀yìn pátápátá ni káfíńtà mi wà pẹ̀lú àwọn àlejò, torí pé kò tíì sí ohun tí a lè pè é.

Mo dé ibi tí mo ti máa sọ̀rọ̀, mo to ìwé mi. Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá ló wọlé, nínú aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó gba àárín gbọ̀ngàn wá tààrà sí iwájú. Obìnrin tó ń tọ́jú àga na ọwọ́ dá a dúró.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹbí nìkan ló ń jókòó níbí. Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Bàbá kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ariwo ayùn kì í mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá ọkọ rẹ̀ ni mí."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. Ìyá mi dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Káfíńtà mi ti dìde lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, torí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni. Bàbá jókòó, ó gbé ojú sókè sí mi, ó sì mi orí rẹ̀ pé kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Mo nu ojú mi. N kò wo ìwé tí mo kọ.

"Ẹ kú ìjókòó o," mo wí. "Ẹjọ́ tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín, èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹni tí mo bà á jẹ́ fún ló jókòó síwájú yẹn."